Kọfí Inú Aṣọ Ìnujú

Èmi kì í mu kọfí. Mo fi èyí síwájú nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ ìtàn mi máa ń rò pé ife gbígbóná ni mo fẹ́ràn ní òwúrọ̀. Bí mo bá mu ún, àyà mi á máa já, ọwọ́ mi á sì máa gbọ̀n títí di ọ̀sán. Òórùn rẹ̀ ni èmi mọ̀. Inú òórùn rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí bàbá mi ti ní oko kọfí lórí òkè, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà wa, ló kọ́ mi ní Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí. Èdè Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò tí à ń sọ nílé àti Yorùbá jẹ́ ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá tí wọn kò gbé inú ilé kan náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ọkọ mi ti kú, tí èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì, ọmọ wa kan ṣoṣo, Àṣàkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ajah. Ó ní, "Màámi, ilé yìí tóbi jù fún ẹnì kan." Mo di ẹrù mi. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kò gùn: mo wọ ọkọ̀, mo dé.

Wọ́n ti fi ariwo Èkó dẹ́rù bà mí tó. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀sìtéètì tí Àṣàkẹ́ ń gbé. Ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì. Ènìyàn lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó dé ìparí kó má rí ẹni tí yóò kí. Ní ọjọ́ kẹta mo jáde lọ ra iyọ̀ ní ẹ̀bá títì. Nígbà tí mo padà, bàbá tó ń ṣọ́ géètì dá mi dúró.

"Màmá, kóòdù yín dà?"

"Kóòdù wo?"

"Èyí tí ẹni tí ẹ wá kí fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín."

"N kò wá kí ẹnikẹ́ni. Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbí, kí ẹ pè é."

Àṣàkẹ́ wà ní ìpàdé, kò gbé fóònù. Mo jókòó sí ẹnu géètì fún wákàtí méjì pẹ̀lú iyọ̀ lórí itan mi. Ní Atakpamé, mo lè wọ ilé mẹ́wàá kí n tó pàdé ẹni tí yóò bi mí pé kí ni mo wá ṣe, omi ni onítọ̀hún yóò sì kọ́kọ́ gbé wá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún bàbá yẹn: òun náà fún mi ní omi tútù, àga tirẹ̀ ni mo sì jókòó lé. Ìdúró ló fi wà ní gbogbo wákàtí méjì náà.

Àṣàkẹ́ máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ọ̀nà Ìbẹ̀jú. Bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, èjìká rẹ̀ á ti gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Á jókòó, á gbé oúnjẹ sórí itan, fóònù á wà ní ọwọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún á máa gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá ní, "Báwo ni iṣẹ́?" á ní, "Iṣẹ́ ń lọ, Màámi." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa máa ń parí sí. Mo wá rí i pé ènìyàn lè fi ọ̀nà jíjìn wá sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ kó má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń fún mi jẹ, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí wá ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan kan yẹn náà ni mò ń gbọ́ nínú ohùn rẹ."

Kò pẹ́ tí ó fi rí ẹni tó ń bọ̀ láti Lomé, ó sì fi àpò kọfí kékeré kan rán an sí mi. Kọfí tútù ni, tí wọn kò tíì yan. Ní ọjọ́ Sátidé mo gbé páànù ńlá Àṣàkẹ́ kaná, mo da kọfí sínú rẹ̀, mo ń rò ó. Ẹni tí kò bá yan kọfí rí kò ní mọ̀ pé kí òórùn dídùn tó dé, èéfín ló ń kọ́kọ́ dé, èéfín tó nípọn tó ń ta imú. Mo ti ṣí fèrèsé sílẹ̀. Fèrèsé náà ló gbé e fún àdúgbò.

Alhaja tó ń gbé ilé kejì, tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọjà Ajah, ló kọ́kọ́ dé. Ó fi ìbòrí rẹ̀ dí imú. Bàbá aṣọ́géètì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú korobá iyanrìn.

"Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé ilé ń jó ni àbí ẹ̀yin lẹ ń jó o?"

"Ilé kò jó, Alhaja. Kọfí ni mò ń yan."

"Ṣé kì í ṣe inú agolo ni kọfí máa ń wà ni?"

"Kó tó dé inú agolo, orí igi ló ti wá."

Bàbá aṣọ́géètì yọjú wo inú páànù. "Màmá, ẹ má bínú, èyí jọ ìgbẹ́ ewúrẹ́."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Bàbá."

Wọ́n dúró. Kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá, pá nínú páànù, àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú, èéfín yẹn sì yí padà lójijì, bí ohùn ẹni tó ń bínú ṣe máa ń yí padà tí ó bá rí ọmọ ọwọ́. Alhaja mú ìbòrí kúrò ní imú. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ̀yin Àgànyìn yìí," ó ní, "ẹ mọ nǹkan."

Mo ṣàlàyé fún un pé Ifẹ̀ ni mí, n kì í ṣe Àgànyìn. Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ìyá Àgànyìn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àṣàkẹ́ jáde láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó wá bá mi wí. "Màámi, ẹ ò lè máa ṣe báyìí. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ará ibí ò..." Kò parí rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó mí sínú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti fìríìjì bí ó ti máa ń fi ẹ̀yìn ti ògiri nígbà tó wà ní kékeré. Mo ń fẹ́ kọfí nínú atẹ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ti dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ mi ti sùn lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí. N kò sọ pé oògùn ni. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òórùn kọfí nìkan, láì mu ún, lè mú ara ẹni tí àníyàn ti gbà rọ̀. Wọn yóò mọ tiwọn. Ó lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú kọfí ló ń ṣe é. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbóòórùn nǹkan dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí sínú kó kún inú, ẹni tó bá sì mí bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi kó tó mọ̀. Bàbá mi kò ka ìwé. Bí a bá fẹ́ lọ ṣe ìdánwò, á da kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yan sí àtẹ́lẹwọ́ wa, á ní ká fi bo imú ká mí lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó tó," á ní. "Ẹ máa lọ." A máa ń lọ, ọkàn wa á sì balẹ̀.

Àṣàkẹ́ ló sọ pé bí mo bá ń jókòó sílé báyìí n óò ṣàárẹ̀. Ó rí ilé ìwé aládàáni kan ní Lẹ́kkí Phase 1 tó ń wá olùkọ́ èdè Faransé fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n gbà mí, pé àwọn yóò fi oṣù mẹ́ta dán mi wò. Mo sọ fún ara mi pé bí wọn kò bá fẹ́ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Atakpamé ni mò ń padà sí. N kò fẹ́ di àga kan sí i nínú pálọ̀ ọmọ mi.

Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju ti ọdún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́ lọ. Àwọn ọmọ Lẹ́kkí kì í ṣe ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n wọ́n yára. Bí mo bá sọ Yorùbá, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ohùn mi. Bí mo bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀kúnwọ́ kọfí yíyan kan sínú aṣọ ìnujú mi. Kí n tó wọ kíláàsì, n óò dúró ní kọ́rídọ̀, n óò gbé e sí imú, n óò mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà n óò ṣílẹ̀kùn. Díẹ̀díẹ̀, ohùn mi kò gbọ̀n mọ́, ẹ̀rín wọn sì dín kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọmọ kan bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rìn bí ọ̀dọ́ wọ ilé lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi, Níkẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó mọ ìwé kọ. Bí ó bá kọ Faransé sílẹ̀, mo kàn ní láti fi àmì sí i pé ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó dìde kó sọ ọ́, ètè rẹ̀ á gbẹ, omi á lé sí i lójú. Ní ọjọ́ ìdánwò àfẹnuṣe, èmi àti òun nìkan ló wà níwájú tábìlì, àwọn yòókù ń dúró níta. Ó la ẹnu, kò sí ohùn. Ó tún un ṣe.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ aṣọ ìnujú mi, mo ní, "Níkẹ̀ẹ́, fi bo imú. Mí sínú. Rọra. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta." Ó ṣe é. Ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ó dùn, Madame," ó sì sọ gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ó ṣe àṣìṣe méjì péré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Madam, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Madame, ṣé ẹ fún ọmọ kan ní hánkì pé kó fà á símú?"

"Kọfí ló wà nínú rẹ̀, Madam."

"N kò bi yín pé kí ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi mú ìwé orúkọ kíláàsì yín dání."

Ẹni tó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: wọ́n fẹ́ gba kíláàsì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àṣàkẹ́, ó gbá orí mú. "Ha, Màámi. Hánkì kẹ̀?" Ó wá ṣàlàyé ohun tí gbogbo ará Èkó mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún mi: pé àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù aṣọ ìnujú àjèjì, pé wọ́n gbàgbọ́ pé gbọ́mọgbọ́mọ lè fì í sí ènìyàn lójú, tàbí kó ní kó gbóòórùn rẹ̀, kí onítọ̀hún sì máa tẹ̀ lé e lọ bí àgùntàn. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níbí pé kó má gba hánkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Mo jókòó. Ohun tó jẹ́ ìfẹ́ ní ilé bàbá mi, ohun gan-an tí bàbá ọmọ yìí ń bẹ̀rù jù lọ ni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tún yàrá mi ṣe."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ títí lọ."

"Ó dáa," ó ní. "Màá wò ó."

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Níkẹ̀ẹ́ ti dé ọ́fíìsì Madam kí n tó dé. Ọkùnrin tó ga, tó tó ẹni ogójì ọdún, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Ìbẹ̀jú. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi kó tó bínú sí mi. Mo fẹ́ràn èyí ní ara àwọn ènìyàn yìí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún ọmọ mi fà?"

Mo gbé aṣọ ìnujú náà sórí tábìlì, mo tú u. Kíá ni ó dìde, ó bọ́ sẹ́yìn àga. Madam alára sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Àwa mẹ́ta ń wo ẹ̀kúnwọ́ kọfí kan bí ẹni pé ejò ni.

"Kọfí ni, sà," mo ní.

"Mo mọ kọfí, Màmá. Kọfí ni mo fi ń gbéra lójoojúmọ́ kí n má baà sùn lórí sítiárìn. Ẹ wá fẹ́ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá? Kó má sùn mọ́?"

"Ẹni tó bá mu ún ni kì í sùn. Ẹni tó bá kàn gbóòórùn rẹ̀..."

"Màmá, ẹ má kọ́ mi ní kọfí."

Madam ní, "Madame, bí àwọn òbí yòókù bá gbọ́, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n pé kọfí ni àbí kì í ṣe kọfí. Wọ́n á kó ọmọ wọn lọ. Ẹ gbé ìwé orúkọ yẹn wá."

Mo gbé e fún un. Mo ní àlàyé púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ojú pípọ́n ọkùnrin yẹn, mo rí i pé kò sí àlàyé tó tọ́. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ń fi í lé wa lọ́wọ́ nínú òkùnkùn òwúrọ̀, ó ń rìn jìnnà, ó sì ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan bo imú rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.

"Ẹ gba tèmi," mo ní. "Kọfí náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe kò dára. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín. Ní ilé bàbá mi ni mo rò pé mo wà. Ẹ forí jì mí." Mo kó aṣọ ìnujú náà sí ọwọ́ méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

N kò fi ṣe ẹ̀tàn. Orúnkún mi kò dára tó láti fi ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò dúró wo arúgbó kó kúnlẹ̀ fún un. Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, ọkùnrin náà ti fò kúrò lẹ́yìn àga. "Rárá, Màmá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ọwọ́ mi méjèèjì, ó ń fà mí sókè, aṣọ ìnujú náà sì wà ní àárín gbogbo rẹ̀, kọfí ń dà sílẹ̀ sára ẹsẹ̀ wa.

Ìgbà tí mo dìde tán ló wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ sí iwájú, bí ẹni tó ń dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí òun. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ kan súnmọ́ imú, ó mí. Ó tún mí. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka iye mímí náà fún un.

"Ọmọ yẹn ní òun sọ̀rọ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ó ní òun sọ ọ́ tán pátá. Mo rò pé oògùn tí ẹ fún un ló ń sọ̀rọ̀."

"Àṣìṣe méjì ló ṣe," mo ní. "Méjèèjì kéré."

"Kì í sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, Màmá. Níwájú èmi gan-an, kì í sọ̀rọ̀. N kì í sì sí nílé."

Ó yíjú sí Madam, ó ní kó fún òun ní ìwé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun, bàbá Níkẹ̀ẹ́, gbà kí ọmọ òun máa gbóòórùn kọfí kó tó ṣe ìdánwò, bí Madame bá rí i pé ó yẹ. Ó fọwọ́ sí i. Madam kà á lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ fáìlì tí yóò fi sí. "Láti òní lọ," ó sọ fún mi, "kò sí hánkì nínú ilé ìwé yìí láìsí ìwé òbí." Mo ní mo gbọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dá ìwé orúkọ kíláàsì padà sí mi lọ́wọ́. "Oṣù mẹ́ta yín pé ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wá fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi gbá kọfí yìí kúrò nílẹ̀."

Bàbá Níkẹ̀ẹ́ ló gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ṣa èyí tó mọ́ díẹ̀ nínú kọfí náà, ó dà á sí àpò àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sí Ìbẹ̀jú.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àṣàkẹ́ jókòó tì mí nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa yàrá yẹn mọ́. Ẹ lè máa fi kó kọfí."

"Kọfí ti wà níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ tí o lọ ni mo ti kó o síbẹ̀."